Ìkíni Tí Mo Fi Ìbọn Dáhùn

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti ra ìbọn. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí yín, pàápàá nígbà tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ẹ ti lọ, tí n kò sì kọ ohunkóhun sí yín rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà, tí mo sọ ti òjò àti ti ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ̀rù yóò tún bà mí, n ó ká ìwé náà, n ó sì fi í sínú Bíbélì bí mo ti ṣe sí méjì tí mo bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìbọn náà pa Dúpẹ́, ọmọ mi obìnrin, ọmọ-ọmọ yín tí ẹ kò rí rí. Ó yè, nǹkan kan kò ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí kò gbé ìpè mi. Ó ní àwọn ọmọ òun kò ní tẹ ilé wa mọ́. N kò mọ̀ bóyá yóò yí ọkàn padà. Èyí tó tún wà níbẹ̀ ni pé mo ti ṣẹ̀ yín. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń ṣẹ̀ yín, n kò sì mọ̀, títí di ọjọ́ tí èmi náà di ìbọn mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bà mí láti kékeré. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé bí òjò bá ṣú ní Ṣakí, èmi ni n ó sáré kó aṣọ nílé wa. Ọjọ́ orí kò wo ìwà yẹn sàn. Hyattsville ni èmi àti ìyá Dúpẹ́ ń gbé, nínú ilé ilẹ̀ kékeré kan tí ó dàgbà jù mí lọ, kò sì jìnnà sí ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Washington, níbi tí mo ti ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ọdún mẹ́rìnlélógún kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà òtútù tó kọjá, àwọn kan yọ gbogbo táyà ọkọ̀ aládùúgbò wa, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lé orí búlọ́ọ̀kù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí mo lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ẹnì kan dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wa, ó yí ọwọ́ ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Dúpẹ́ nìkan ló wà nílé. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè sá, ó kàn jókòó sí kíṣìnì ó ń pe Jésù. Ẹni náà bá tirẹ̀ lọ. Bóyá ó ṣi ilé ni. Bóyá ẹrù ni ó gbé wá fún wa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ń yẹ kọ́kọ́rọ́ wò kí n tó jẹun àárọ̀, bí mo bá sì jẹun tán, n ó tún lọ wò ó, nítorí kò dá mi lójú pé mo ti wò ó.

Bàbá Ṣeun, ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni ó sọ̀rọ̀ ìbọn fún mi. Takisí ni ó wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà sì ti ra tirẹ̀ tipẹ́.

"Bàbá Dúpẹ́, ṣé àdúrà lẹ fẹ́ fi lé olè?" ó bi mí. "Olè náà ń gba tirẹ̀ kí ó tó jáde nílé."

Mo ní mo ti darúgbó jù fún ìbọn.

"Ta ni wọ́n ń jà lólè bí kò ṣe arúgbó? Ṣé wọ́n máa wá lọ ja ẹni tó lè sáré lé wọn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Níbí, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn ṣàdédé ra ìbọn. Mo lọ sí kíláàsì ọjọ́ kan, wọ́n tẹ ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n sì ní kí n yìn ọta kan ṣoṣo pẹ̀lú ìbọn olùkọ́. Mo di ojú mi méjèèjì yìn ín. Lẹ́yìn tí mo tún ti ra tèmi, mo dúró fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó gbé e fún mi. Ọjọ́ méje ni Ọlọ́run fi fún mi láàyè láti ronú, Bàbá. Gbogbo ọjọ́ méjèèje yẹn ni mo fi parọ́ fún ìyàwó mi. Mo ní ìpàdé àwọn àgbà ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Nígbà tí mo gbé ìbọn délé, inú àpótí irin kékeré ni mo tì í sí, mo gbé e sí inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá kejì, lẹ́yìn àwọn bàtà òtútù. N kò sùn dáadáa mọ́. Kí n tó rà á, ẹ̀rù olè nìkan ló ń bà mí. Nígbà tí mo rà á tán, ẹ̀rù olè kò lọ, ẹ̀rù ìbọn wá bá a gbé ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni èmi àti Bàbá Ṣeun lọ sí ilé tí wọ́n ti ń yìnbọn. Ilé gbọọrọ kan ni, kò ní fèrèsé, ó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Wọ́n fún wa ní awò ojú àti ìdérí etí. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ti ṣe sójà rí ni ó ń mójú tó wa. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, síbẹ̀ "sà" ni ó ń pè mí. Òfin tó kọ́kọ́ sọ, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀, iwájú ni kí ẹnu ìbọn máa wò. Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ ọ lóòótọ́, Bàbá, n kò lè sọ pé n kò gbọ́.

Wọ́n gbé bébà tí n ó yìnbọn sí wá, wọ́n ya èèyàn sí i láti orí dé ìbàdí. Mo dá a padà. Mo ní kí wọ́n bá mi wá èyí tí wọ́n ya òbìrí róbótó sí. Bàbá Ṣeun yọjú láti ẹ̀yìn pátákó tó là wá láàárín.

"Ṣé òbìrí ló wá yí ọwọ́ ìlẹ̀kùn yín ni?"

Mo ń ro bí ẹ kò ṣe jẹ́ kí a fi igi kọjú sí ara wa nígbà tí à ń ṣeré, àní pòpórò àgbàdo pàápàá.

Ìbọn náà kéré sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ṣùgbọ́n ó wúwo ju bí ó ti kéré lọ, bí ọmọ tuntun tó sùn. Ìka mi tó máa ń wú kò lè fa ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọta lè wọlé. Mo fà á, mo fà á, mo ń gbọ́ bí oríkèé ìka mi ṣe ń ké.

"Ẹ má fà á, sà," ọkùnrin náà wí. "Ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú ṣinṣin, kí ẹ wá fi ọwọ́ kejì ti ìdí rẹ̀ síwájú."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì wọlé. Mo gbé e sókè. Òbìrí náà ń jó níwájú mi. Mo fi ìka ìfábẹ̀lá fa ohun tí a fi ń yìn ín díẹ̀díẹ̀, mo ń retí ìró, ìró náà sì tún bá mi lójijì bí ẹni pé n kò retí rẹ̀. Kò dà bíi ti ṣakabùlà tí ẹ fi ń ṣọdẹ rárá. Tiyín máa ń bú, èéfín yóò bò yín mọ́lẹ̀, ẹ ó wá ti inú rẹ̀ yọ bí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Èyí kò ní èéfín. Ó kàn gbá ọrùn ọwọ́ mi sókè, iná kékeré yọ lẹ́nu rẹ̀, ó tán. Èèpo ọta náà fò jáde, gbígbóná, ó ṣubú sínú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo sì ń fò sókè sódò bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Bàbá Ṣeun rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo retí òórùn ẹ̀tù, èyí tó máa ń wà lára ẹ̀wù oko yín tí ìyá mi kì í fẹ́ kí a fi sínú aṣọ tó kù. Òórùn tèyí kò jọ ọ́. Ó ń rùn bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Ọta kejì àti ẹ̀kẹta lọ sókè. Ẹ̀kẹrin gbá etí bébà. Ẹ̀karùn-ún wọ inú òbìrí pupa tó wà láàárín, kò bọ́ sí apá ọ̀tún, kò bọ́ sí apá òsì.

Bàbá, ó dùn mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó nira jù fún mi láti kọ sínú ìwé yìí nìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yí ọwọ́ ìlẹ̀kùn wa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àyà mi balẹ̀. N kò ro olè, n kò ro kọ́kọ́rọ́, n kò ro ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo kàn dúró níbẹ̀ bí ọkùnrin. Bàbá Ṣeun pariwo láti ẹ̀gbẹ́ mi:

"Háà! Ẹ wo ọmọ ọdẹ! Ẹ sì ń pa á mọ́ fún wa láti ọjọ́ yìí!"

Orí mi wú. Mo sún ìdérí etí kan sẹ́yìn kí n lè gbọ́ ìyìn náà dáadáa. Ọta mẹ́ta ṣì wà nínú ìbọn, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lára rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Dúpẹ́ lẹ́yìn mi.

N kò mọ̀ pé yóò wá. Èmi ni mo ní kí ó ṣe fóònù mi tẹ́lẹ̀ kó máa fi ibi tí mo bá wà hàn án, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè ṣubú sójú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Lọ́jọ́ náà ó pe ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fóònù ní mo wà ní ilé ìyìnbọn. Ó rò pé wọ́n ti jí mi gbé ni. Ó wa ọkọ̀ wá tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, wọ́n fún un ní awò àti ìdérí etí lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wọlé.

Yorùbá Dúpẹ́ kò tó nǹkan. Ibí ni a bí i sí, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ro ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ ní ìkíni. Inú ìbáà máa bí i bí iná, yóò kọ́kọ́ kí mi kó tó sọ ohun tí mo ṣe. Èmi náà sì ti ṣèlérí fún ara mi, kí a tó bí i pàápàá, pé ọmọ mi kò ní kí mi kí n má dáhùn, pé n kò ní fi ẹ̀yìn dá a lóhùn láé. Bí mo bá ń fọ abọ́, bí mo bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, bí Dúpẹ́ bá ti kí mi, gbogbo ara ni mo fi ń yíjú sí i. Ó ti mọ́ mi lára.

"Dádì, ẹ káàsán sà."

Mo yíjú sí i. Gbogbo ara ni mo fi yí. Ọwọ́ mi méjèèjì bá mi yí, ìbọn náà sì wà nínú wọn. Mo ní, "Káàsán, ọmọ mi." Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Mo wá rí i pé kì í ṣe ojú mi ni ó ń wò.

Àyà rẹ̀ ni ẹnu ìbọn náà kọjú sí. Kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ tó wà láàárín wa. Kò pariwo. Ó kàn gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi, bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n náà ti gbá ọwọ́ mi mú, ó ti yí i padà síwájú, ó ti yọ ìbọn náà kúrò. Ó kó ọta rẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ ti di eérú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà.

"Ó parí fún yín lónìí, sà."

Bàbá Ṣeun ti yọjú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí, Dúpẹ́ fara ti ọkọ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé àwọn tí ìbọn bà wá ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ó mọ ohun tí ọta ń ṣe nínú ara ju èmi àti Bàbá Ṣeun lọ.

"Ìka yín wà níbi tí wọ́n ti ń yìn ín, Dádì."

Mo ní n kò mọ̀ọ́mọ̀.

"Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ọ́mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Ṣé Mọ́mì mọ̀?"

Mo mi orí pé rárá.

"Ibo lẹ ń gbé e sí nílé?"

Mo ní inú àpótí irin, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, yàrá kejì.

"Yàrá kejì," ó wí. "Yàrá tí Ìfẹ́ àti Tádé ń sùn sí tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Jímọ̀."

Bàbá, òótọ́ ni. Èmi tí mo máa ń yẹ kọ́kọ́rọ́ wò lẹ́ẹ̀mẹrin, èmi tí mo máa ń la èso àjàrà sí méjì kí ó má baà há àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ́fun, mo gbé ìbọn sí yàrá wọn, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀kan. Olè tó wà níta ni mo kọjú sí ní gbogbo ìgbà. Dúpẹ́ wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò ní kó àwọn ọmọ òun wá mọ́. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn kí ó fi ìbínú sọ ọ́.

Nígbà tí Bàbá Ṣeun ń gbé mi lọ sílé ni mo rántí ọjọ́ tí èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá wa jáde.

Ṣé ẹ̀yin náà rántí? Láti ojú títì ni mo ti sáré dé ẹ̀yìnkùlé wa. Mo bá yín lórí ìdúró, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ọdẹ dé, ìbọn ń bẹ lọ́wọ́ yín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú àbọ̀ o! Mo yege!" Ẹ kò dáhùn. Ẹ kò tilẹ̀ wò mí. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, ẹ rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé, ẹ fi mí sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ẹ padà dé, ọwọ́ yín tutù, ẹ ti fọ̀ ọ́, ẹ ní, "O ní o yege?" Ṣùgbọ́n mo ti lọ bá ìyá mi, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ti ń wò yín, omijé sì ti bò mí lójú. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́. N kò dáhùn.

Mo gbé e sọ́kàn láti ọjọ́ náà. Mo gbé e wá sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ẹ ti lọ, ìwé ìgbélùú mi kò tíì pé, n kò lè wá sin yín. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò ìsìnkú ránṣẹ́, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mo sunkún, ṣùgbọ́n igun kan nínú ọkàn mi ń sọ pé ẹni tí kò dá mi lóhùn nìyí. Mo sọ ọ́ fún Dúpẹ́ náà nígbà tó ń dàgbà. Mo ní bàbá mi jẹ́ ènìyàn líle, mo kí i lọ́jọ́ ayọ̀ mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ìdí nìyẹn tí èmi fi máa ń yíjú sí ọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ yín fún ọmọ-ọmọ yín. Ìyẹn nìkan ni ìtàn tó mọ̀ nípa yín.

Nínú ọkọ̀ Bàbá Ṣeun ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ẹ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe èmi nìkan. Baálé kí yín, ẹ kò dáhùn. Àna yín kí yín, ẹ kò dáhùn. Ẹ ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ẹ ó lọ gbé ìbọn kọ́, ẹ ó fọ ọwọ́. Bí ilẹ̀ bá tutù nírọ̀lẹ́, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ẹ ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó ní, "Ẹ kí mi lẹ́ẹ̀kan. Mo wá dáhùn." Gbogbo àdúgbò ni ó ń fi yín rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé ń sín yín jẹ. Èmi náà sín yín jẹ, Bàbá, mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Mo rí ìkínní, mo rí ìkejì, n kò so wọ́n pọ̀ rí. Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa? Tàbí ẹ sọ ọ́, tí mo ti kọ etí ikún sí yín nígbà náà? Ṣé ẹ ti fìgbà kan yíjú sí ẹnì kan rí tìbọn tìbọn, kí ẹ tó mọ̀ pé kò dára? Ta ni ẹni náà?

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá Dúpẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò jà. Ó pa iná ọbẹ̀, ó ní, "Nítorí tèmi lẹ ṣe rà á, ẹ ò sì bi mí." Láti ìgbà náà ó ń gbé oúnjẹ mi fún mi, ó ń kí mi, kò sì bá mi ṣàwàdà.

Mo dá lẹ́tà yìí dúró síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Òní ni Sátidé. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Lánàá, mo dá ìbọn náà padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á, wọ́n sì gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ ó ti mọ̀ pé kò mú ẹ̀rù mi kúrò. Mo ti ń ro ẹni tí yóò rà á lẹ́yìn mi. Ṣé òun náà ní ọmọ tó máa ń kí i láti ẹ̀yìn?

Ní àárọ̀ òní, n kò pe Dúpẹ́ lórí fóònù. Mo ní kí Bàbá Ṣeun gbé mi lọ sí ilé rẹ̀ ní Brandywine. Ilé tuntun ni gbogbo ilé àdúgbò yẹn, wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tẹ aago ilé ẹlòmíràn kí n tó dé tirẹ̀. Bàbá Ṣeun dúró sínú ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ lọ. Tí ó bá lé yín, mo ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀." Àwàdà ni, ṣùgbọ́n kò pa ẹ́ńjìnnì náà lóòótọ́.

Dúpẹ́ ṣí ìlẹ̀kùn. Ó ti rù díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là láti kí mi, mo sì gbé ọwọ́ sókè. Mo ní kó dúró.

"O kí mi lọ́jọ́sí," mo wí, "n kò sì dá ọ lóhùn bó ti yẹ. Mo wá dáhùn. Káàsán, ọmọ mi."

Ó ní, "Dádì, kí lẹ ń sọ? Àárọ̀ la wà yìí."

Lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ pé mo ti dá ìbọn padà. Mo wá sọ ti ẹ̀yin, ti ọwọ́ yín tí ẹ máa ń fọ̀, ti ilé dé ilé. Mo ní ìtàn tí mo sọ fún un nípa bàbá mi kì í ṣe òótọ́, pé ẹni tó fẹ́ràn mi ni ó kọ ẹ̀yìn sí mi lọ́jọ́ náà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́. Ó ní òtútù ń wọlé, kí n wọlé.

Mo bọ́ kóòtù mi, mo gbé e fún un. Ìfẹ́ àti Tádé ti ń sáré bọ̀ láti òkè, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn, ni mo bá fi ojú tẹ̀ lé Dúpẹ́. Ó dúró níwájú ibi tí wọ́n ń gbé aṣọ kọ́ sí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Kí ó tó gbé kóòtù náà kọ́, ó fi ọwọ́ tẹ àpò rẹ̀ ọ̀tún. Ó tẹ ti òsì. Ó tẹ ti inú, ó ń wò ó bóyá irin wà níbẹ̀.

Mo yíjú sí àtẹ̀gùn kíá, kó má baà mọ̀ pé mo rí i. N kò bínú, Bàbá. Kó máa tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ pè lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti gbọ́ o, sà. Mo fẹ́ràn yín.